Mo ti bílíìdì bíréèkì Corolla lẹ́ẹ̀mẹta, pẹ́dà ṣì ń rọ̀ bí fóòmù: kí ni mo fojú fò?

Àdùnní_Bódìjà | Sátidé, 6:48 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ó ti ń sú mi.

Toyota Corolla 2005 ni ọkọ̀ mi. Dísìkì ló wà níwájú, dírọ́ọ̀mù ló wà lẹ́yìn, kò ní ABS (ètò tí kì í jẹ́ kí táyà há bí a bá tẹ bíréèkì gidigidi). Lọ́sẹ̀ tó kọjá, kálípà iwájú (irin tó ń fún pádì mọ́ dísìkì) lọ́wọ́ ọ̀tún há, táyà ẹ̀gbẹ́ yẹn wá ń gbóná débi pé èèyàn ò lè fọwọ́ kan ríìmù rẹ̀. Mo lọ sí Àràrọ̀mí, ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ ní Gate, mo ra kálípà tọ́kùnbọ̀ méjì, ọ̀tún àti òsì, kí n lè pààrọ̀ wọn pọ̀. Mo ra pádì tuntun mọ́ ọn. Bàbá mi tó fi ogún ọdún wa lọ́rì ló kọ́ mi bí a ṣe ń tú táyà àti bí a ṣe ń yí pádì, torí náà èmi fúnra mi ni mo ṣe é nínú ọgbà ilé wa. Àbúrò mi ọkùnrin ló jókòó sínú ọkọ̀ tó ń bá mi tẹ bíréèkì.

Bí a ṣe bílíìdì rẹ̀, ìyẹn bí a ṣe lé afẹ́fẹ́ jáde kúrò nínú ọ́ìlì bíréèkì, rèé: a bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn lọ́tùn-ún, a bọ́ sí ẹ̀yìn lósì, a lọ sí iwájú lọ́tùn-ún, a wá fi iwájú lósì parí. Mo ki róbà tó mọ́ gaara bọ ẹnu nípù (ẹnu kékeré tí a ń tú kí afẹ́fẹ́ àti ọ́ìlì lè jáde), mo sì ti ìdí róbà náà bọ inú ìgò tí ọ́ìlì wà. Ọ́ìlì bíréèkì DOT 3 tuntun ni. A ti lo ìgò mẹ́ta báyìí, ìdajì lítà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ́ìlì tó ń jáde ti mọ́, mi ò rí hóró afẹ́fẹ́ kankan nínú róbà mọ́.

Síbẹ̀, bí mo bá tẹ pẹ́dà, ó ń lọ sílẹ̀ jìnnà, ó sì ń rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Bí mo bá pọ́ǹpù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta, ó ń ga díẹ̀, àmọ́ kò le. Mo ti wo abẹ́ ọkọ̀ yí ká, ọ́ìlì ò jò níbì kankan. Mọ́ńdè ni mo gbọ́dọ̀ gbé àwọn ọmọ lọ sílé ìwé, mi ò sì ní gbé wọn sínú ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ kò dá mi lójú.

---

Bàbá_Ògùnpa | Sátidé, 7:20 alẹ́

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́, o kú làálàá. Má tíì ra ìgò kẹrin.

Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo fi tún bíréèkì ṣe kí n tó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Àwọn tí mo rí pé wọ́n ń fi ọ́ìlì ṣòfò jù ni àwọn tí kò kọ́kọ́ bi pẹ́dà léèrè ohun tó ń ṣe é. Pẹ́dà a máa sọ̀rọ̀. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ tó ń rọ̀, tó ń ta padà sí ọ lẹ́sẹ̀ bíi tìmùtìmù, afẹ́fẹ́ wà nínú páìpù. Ọ́ìlì kì í fún pọ̀, afẹ́fẹ́ ló ń fún pọ̀. Agbára ẹsẹ̀ rẹ á tán sára afẹ́fẹ́ yẹn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ pádì. Bí ó bá lọ sílẹ̀ jìnnà ṣùgbọ́n tó le kóko níbi tó dúró sí, tó sì ń ga bí o bá pọ́ǹpù rẹ̀, àyè ti pọ̀ jù láàrin ṣúù (ohun tó ń tẹ dírọ́ọ̀mù kó lè dúró) àti dírọ́ọ̀mù lẹ́yìn. Èyí tó dúró dáadáa, àmọ́ tí o bá fi ẹsẹ̀ lé e tó ń rì díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kan ilẹ̀, tí ọ́ìlì kò sì jò sóde, másítà (pọ́ǹpù tí pẹ́dà ń tì láti fi ọ́ìlì ránṣẹ́ sí táyà) ló ń jò sínú ara rẹ̀. Èyí tó le bí òkúta tí ọkọ̀ kò sì fẹ́ dúró, búsítà (ohun tó ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ láti tẹ bíréèkì) ni kí o lọ wò, àti họ́ọ̀sì tó so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì.

Nínú ohun tí o kọ, mo gbọ́ ohùn méjì pọ̀: ó ń rọ̀, ó tún ń ga bí o bá pọ́ǹpù. Ó ṣeé ṣe kí àìsàn méjì wà lára ọkọ̀ kan. Dá mi lóhùn kí n tó sọ púpọ̀. Ǹjẹ́ ọ́ìlì tán nínú ike másítà nígbà kankan tí ẹ ń ṣe é? Ta ló ń pàṣẹ fún ta láàrin ìwọ àti àbúrò rẹ? Pẹ́dà ńkọ́, ṣé ó ń kan ilẹ̀ nígbà tí o bá tú nípù?

---

Gbénró_Àkúrẹ́ | Sátidé, 7:41 alẹ́

Àǹtí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ gùn yín lẹ́mìí. Ẹ tú nípù sílẹ̀ gbayawu, kí àbúrò yín máa pọ́ǹpù kíákíá bí ogún ìgbà, kí ẹ wá tì í. Gbogbo afẹ́fẹ́ á bá a jáde. Bí ọ́ìlì bíréèkì bá sì tán lọ́wọ́ yín lálẹ́ yìí, ẹ fi ọ́ìlì páwà sìtiarín díẹ̀ kún un. Mo ti ṣe é rí lọ́nà Ọ̀rẹ̀, ó sì gbé mi délé.

---

Sàìdì_Ládípọ̀ | Sátidé, 7:58 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Gbénró, ẹ má bínú, mo gbọ́dọ̀ ta ko èyí torí ẹ̀mí èèyàn wà níbẹ̀.

Àǹtí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má da ọ́ìlì sìtiarín tàbí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kankan sínú ike bíréèkì, ì báà ṣe ìdérí ìgò kan péré. Gbogbo róbà inú bíréèkì, ìyẹn ti másítà, ti kálípà, kọ́ọ̀pù ẹ̀yìn (róbà inú sílíńdà ẹ̀yìn) àti họ́ọ̀sì, ọ́ìlì bíréèkì nìkan ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Òróró tó ti inú epo rọ̀bì wá máa ń mú kí wọ́n wú. Kò ní ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan, kí róbà wú, kí bíréèkì máa há fúnra rẹ̀, tàbí kí másítà má lè dá ọ́ìlì padà mọ́. Iṣẹ́ ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ ni mo ń ṣe, mo mọ iye àwọn oníbàárà tó ti wá ra gbogbo ẹ̀yà bíréèkì lẹ́ẹ̀kan náà nítorí ìdérí ìgò kan.

Ẹ̀yin tí ọkàn yín kò bá balẹ̀ nípa ọ́ìlì tí ẹ rà, ẹ bu omi sínú ife tó mọ́ gaara, kí ẹ kán ọ́ìlì náà sí i. Ọ́ìlì bíréèkì DOT 3 tàbí DOT 4 á yòrò mọ́ omi. Bí ó bá léfòó sójú omi bí epo pupa ṣe ń ṣe, ẹ má lò ó. Èyí kò fi hàn pé ọ́ìlì náà dára o, ó kàn ń fi hàn pé kì í ṣe òróró mìíràn.

Ìgò tí wọ́n ti ṣí sílẹ̀ láti ọdún tó kọjá náà kò dára. Ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mu, pàápàá lásìkò òjò. Ìwọ̀n tí wọ́n fi lélẹ̀ ni pé DOT 3 tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó tó 205°C. Bó bá ti mu omi yó, ó lè hó ní 140°C. Ti DOT 4 jẹ́ 230°C, ó ń bọ̀ sí 155°C. Ẹ lè pa DOT 3 àti DOT 4 pọ̀, àmọ́ DOT 5 jẹ́ sílíkóònù, kò gbọdọ̀ bá wọn pàdé láé. DOT 5.1 kì í ṣe sílíkóònù ní tiẹ̀, orúkọ ló jọra.

---

Àdùnní_Bódìjà | Sátidé, 8:30 alẹ́

Ẹ ṣé gan-an, bàbá. Ẹ ṣé, Sàìdì. Mi ò ní fi ohunkóhun kún un.

Ìdáhùn mi: ọ́ìlì kò tán nínú ike, ó kàn súnmọ́ ìlà ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ní ti àṣẹ, kò sí ẹni tó ń pàṣẹ fún ẹnì kankan. Mo ń sọ pé "tẹ̀ ẹ́", òun náà ń tẹ̀ ẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bi í léèrè, ó ní ó ṣeé ṣe kí òun ti gbé ẹsẹ̀ kúrò nígbà mìíràn kí n tó tì í. Pẹ́dà sì ń kan ilẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo bá tú nípù.

---

Bàbá_Ògùnpa | Sátidé, 8:52 alẹ́

O ṣé tí o sọ òótọ́. Gbénró, ọmọ mi, ohun tí o sọ nípa títú nípù sílẹ̀ gbayawu ni àbúrò rẹ̀ ti ń ṣe láìmọ̀. Bí nípù bá ṣí tí èèyàn sì gbé ẹsẹ̀ sókè, pẹ́dà tó ń padà bọ̀ yóò fa ohun tó wà lẹ́nu nípù wọlé. Bí ẹnu róbà kò bá rì sínú ọ́ìlì dáadáa, afẹ́fẹ́ ni yóò fà.

Àdùnní, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni kí ẹ máa sọ, ẹni tó wà nídìí táyà ló ń pàṣẹ. Ìwọ á ní "Tẹ̀!" Òun á tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, á dáhùn pé "Mo ti dì í mú." Ìwọ á tú nípù ní ìlàjì yípo, ọ́ìlì á jáde, pẹ́dà á lọ sílẹ̀, òun kò sì gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀. Ìwọ á ti nípù pa, lẹ́yìn náà lo máa ní "Gbé e!" Kí ẹ sinmi díẹ̀ kí ẹ tó tún un ṣe. Ẹ má pọ́ǹpù kíákíá. Ìyẹn máa ń fọ́ hóró afẹ́fẹ́ ńlá sí wẹ́wẹ́, á wá di ohun tó ń hó bí ọṣẹ, kò sì ní tètè jáde. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn, wá pákó tó nípọn tó bí ìka mẹ́ta, kí o fi sí abẹ́ pẹ́dà. Ọkọ̀ rẹ ti pẹ́ láyé. Apá ibi tí róbà másítà ń rìn lójoojúmọ́ mọ́ tónítóní. Apá iwájú níbi tí kì í dé ti lè dógùn-ún tàbí kó ìdọ̀tí. Bí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ dé ilẹ̀, ẹ ń fi róbà yẹn ha ibi tó dógùn-ún. Ọ̀pọ̀ másítà tí wọ́n ní ó "ṣàdédé" bàjẹ́ lẹ́yìn bílíìdì, ohun tó pa á nìyẹn.

Lọ́la, ní ojúmọ́mọ, wá kílámpù họ́ọ̀sì méjì, èyí tí ẹnu rẹ̀ dán tó sì rí róbótó. Má lo páíásì tó léyín, yóò gé róbà nínú láìjẹ́ pé o rí i lóde. Fi di họ́ọ̀sì iwájú méjèèjì, kí o wá tẹ pẹ́dà. Bí ó bá le kóko, iwájú ni ìyọnu wà. Bí ó bá ṣì ń rọ̀, ẹ̀yìn tàbí másítà ni.

---

Ṣẹ́gun_Manchester | Sátidé, 9:37 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi sí i torí ó jọra. Èmi ò ní ẹni tó lè bá mi tẹ bíréèkì níbí, mo wá ra pọ́ǹpù ọwọ́ tó ń fa ọ́ìlì jáde láti ẹnu nípù. Mo ti fa ìgò méjì, hóró afẹ́fẹ́ kò yéé jáde. Pẹ́dà sì le dáadáa! Ṣé kí n máa fà á lọ ni? Mo fẹ́ kó pé kí n tó gbé e lọ fún MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ tí òfin ń béèrè níbí.

Ohun kejì: nípù ẹ̀yìn kan kò tú rárá. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù níbí ti jẹ ẹ́.

---

Bàbá_Ògùnpa | Sátidé, 10:05 alẹ́

Ṣẹ́gun, dúró. Bí pẹ́dà bá le, gbà á gbọ́. Afẹ́fẹ́ tí o ń rí yẹn, láti ojú ọ̀nà sùkúrù nípù ló ti ń wọlé nígbà tí o bá tú u tí pọ́ǹpù sì ń fà. Kò dé inú kálípà rárá, inú róbà rẹ ló ń gbà lọ. Fi gírísì díẹ̀ yí ìdí nípù ká lóde, wàá rí i pé yóò dín kù.

Ti nípù tó há: ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Fọ́n ọ́ìlì tó ń wọnú ìpẹtà sí i lálẹ́, tún fọ́n ọn láàárọ̀. Lo sọ́kẹ́ẹ̀tì olójú mẹ́fà, má lo sípánà ẹlẹ́nu ṣíṣí tí yóò yọ́ igun rẹ̀. Fi òòlù kékeré kàn án lórí jẹ́jẹ́ nígbà mélòó kan. Kọ́kọ́ gbìyànjú láti dè é díẹ̀ kí o tó tú u. Bí ó bá ti mira sí apá kan, yóò gbọ́ apá kejì. Bí ó bá kán, má fi òru rẹ lu ihò sí i. Ra sílíńdà ẹ̀yìn tuntun, ó rọrùn ju ìyẹn lọ.

---

Àdùnní_Bódìjà | Sọ́ńdè, 1:15 ọ̀sán

Ẹ káàsán o. A ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì ti yá kílámpù méjì lọ́wọ́ mẹkáníìkì àdúgbò wa.

Mo di họ́ọ̀sì iwájú méjèèjì, mo tẹ pẹ́dà: ó le! Ó ga díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò rọ̀ mọ́ rárá. Mo tú ti ọ̀tún, ó rọ̀. Mo dè é padà, mo tú ti òsì, ó tún rọ̀. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló ń ṣe é lọ́gbọọgba. A ti fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí bàbá sọ bílíìdì iwájú lẹ́ẹ̀kan sí i, pákó wà lábẹ́ pẹ́dà, kò sí hóró afẹ́fẹ́ kankan. Kò yé mi mọ́.

---

Sàìdì_Ládípọ̀ | Sọ́ńdè, 1:32 ọ̀sán

Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan kan. Nígbà tí ẹ bá wo kálípà lórí ọkọ̀ báyìí, nípù rẹ̀, ṣé ojú ọ̀run ló ń wò ni àbí ilẹ̀?

---

Àdùnní_Bódìjà | Sọ́ńdè, 1:40 ọ̀sán

Ilẹ̀.

Méjèèjì. Ìsàlẹ̀ ni nípù wà, orí họ́ọ̀sì ló wà lókè.

---

Sàìdì_Ládípọ̀ | Sọ́ńdè, 1:46 ọ̀sán

Ó ti tán. Ẹ fi ti ọ̀tún sí òsì, ẹ fi ti òsì sí ọ̀tún. Wọ́n jọra bí ìbejì, ihò bóòtù wọn sì bára mu, kò sí ohun tí yóò sọ fún yín pé ó yí padà àfi ibi tí nípù wà. Bí mo bá ń ta kálípà méjì pọ̀, mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ O àti Ọ sí wọn lára kí ẹni tó rà á má bàa ṣì í.

---

Bàbá_Ògùnpa | Sọ́ńdè, 2:10 ọ̀sán

Sàìdì, o ṣeun, Ọlọ́run á bùkún ọ. Èmi ló yẹ kí n kọ́kọ́ bi í lálẹ́ àná. Nígbà tó ti sọ pé kálípà méjì ni òun pààrọ̀, ibẹ̀ ló yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀.

Àdùnní, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé. Afẹ́fẹ́ máa ń gòkè nínú ọ́ìlì. Inú kálípà, ó ti gòkè lọ sápá òkè, ó jókòó síbẹ̀. Nípù rẹ wà nísàlẹ̀, ọ́ìlì nìkan ló sì ń gba ibẹ̀ kọjá. Ìdí nìyẹn tí ohun tó ń jáde fi mọ́ gaara láìsí hóró kankan, tí ìgò mẹ́ta fi tán, tí pẹ́dà kò sì yí padà. O lè bílíìdì rẹ̀ títí di ọdún tó ń bọ̀, ṣe ni kò ní jáde.

Àwọn kan á ní kí o tú kálípà sílẹ̀, kí o gbé e dání kí nípù rẹ̀ kọjú sókè, kí o ti pákó bọ àárín rẹ̀ kí písítìnì má bàa fò jáde, kí o bílíìdì rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí o sì dè é padà síbi tó wà. Yóò ṣiṣẹ́ lónìí. Àmọ́ ẹni tó bá tún tú u lọ́dún méjì sí i yóò bọ́ sínú ọ̀fìn kan náà, bóyá kò ní rí ẹni sọ fún un. Pààrọ̀ wọn sí ẹ̀gbẹ́ tó yẹ wọ́n.

Bóòtù tó gbé họ́ọ̀sì mọ́ kálípà ní wásà kọ́pà méjì, ọ̀kan lókè orí họ́ọ̀sì, ọ̀kan nísàlẹ̀ rẹ̀. Ra mẹ́rin tuntun. Èyí tí wọ́n ti tẹ̀ rí kì í fi bẹ́ẹ̀ dí mọ́. Wo họ́ọ̀sì kí ó má lọ́, yí sìtiarín dé òpin ọ̀tún àti òsì kí o rí i pé kò fara kan táyà. Máa bu ọ́ìlì sí ike nígbà gbogbo, kí ó má tán. Bí ọ́ìlì bá kán sára pẹ́ńtì, da omi sí i lójú ẹsẹ̀, yóò jẹ pẹ́ńtì bí o bá fi sílẹ̀.

---

Tọ́lá_Adó | Sọ́ńdè, 3:25 ọ̀sán

Ẹ jọ̀wọ́ o, bí ẹ ti wà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Camry ni tèmi. Ní oṣù tó kọjá mo ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè Èfọ̀n-Alààyè, ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà yẹn mọ bó ṣe rí. Mo ń tẹ bíréèkì láti òkè wá. Nígbà tó yá, pẹ́dà kàn lọ dé ilẹ̀, kò sí ohunkóhun níbẹ̀. Jíà àti hándíbíréèkì ni mo fi dá ọkọ̀ dúró, àyà mi ń já. Lẹ́yìn bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, pẹ́dà padà bọ̀ sípò bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣe é. Mẹkáníìkì ní òun kò rí nǹkan kan. Ṣé másítà ni?

---

Bàbá_Ògùnpa | Sọ́ńdè, 3:50 ọ̀sán

Tọ́lá, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó kó ọ yọ. Nígbà wo lo pààrọ̀ ọ́ìlì bíréèkì rẹ kẹ́yìn? Kì í ṣe bíbù kún o, pípààrọ̀ pátápátá.

---

Tọ́lá_Adó | Sọ́ńdè, 3:58 ọ̀sán

Mi ò pààrọ̀ rẹ̀ rí láti ọdún mẹ́fà tí mo ti rà á. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ike rẹ̀ wò, ó dúdú bíi kọfí.

---

Bàbá_Ògùnpa | Sọ́ńdè, 4:20 ìrọ̀lẹ́

Nígbà náà kì í ṣe másítà ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Ọ̀rọ̀ tí Sàìdì sọ lálẹ́ àná ló dé bá ọ: ọ́ìlì ti mu omi fún ọdún mẹ́fà. Bí pádì bá gbóná lórí òkè gígùn bẹ́ẹ̀, ooru wọ inú kálípà, omi inú ọ́ìlì hó, ó di èéfín omi, ìyẹn sì ń fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ tutù, ó padà di omi, pẹ́dà sì padà bọ̀. Ìdí nìyẹn tí mẹkáníìkì rẹ kò fi rí nǹkan kan.

Pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ kí o tó tún gun òkè. Fa èyí tó dúdú kúrò nínú ike, bu tuntun kún un, kí o bílíìdì táyà kọ̀ọ̀kan títí ọ́ìlì tuntun yóò fi jáde lẹ́nu nípù. Ọdún méjì méjì ni mo máa ń ní kí àwọn oníbàárà mi pààrọ̀ tiwọn. Bí o bá sì ń sọ̀ kalẹ̀ Èfọ̀n, fi ọkọ̀ sí jíà kékeré láti òkè, jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì bá ọ dì í mú. Bí o bá pààrọ̀ ọ́ìlì tán, tẹ pẹ́dà kí o dì í mú fún ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá ń rì, a ó wá sọ̀rọ̀ másítà.

---

Àdùnní_Bódìjà | Sọ́ńdè, 6:35 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin ará ilé mi! Mo ti pààrọ̀ wọn. Nípù méjèèjì kọjú sí ojú ọ̀run. Bí mo ṣe tú ti ọ̀tún, afẹ́fẹ́ tó jáde pọ̀ débi pé àbúrò mi gbọ́ ohùn rẹ̀ látinú ọkọ̀. Ti òsì náà bẹ́ẹ̀. Ìgò kan péré la lò, kò sì tán.

Pẹ́dà kò rọ̀ mọ́. Ó le. Ohun tó kù ni pé ó ṣì ń lọ sílẹ̀ díẹ̀ ní títẹ̀ àkọ́kọ́, bí mo bá pọ́ǹpù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ó ń ga. Ṣé àìsàn kejì tí bàbá sọ nìyẹn?

---

Bàbá_Ògùnpa | Sọ́ńdè, 6:50 ìrọ̀lẹ́

Òun gan-an ni. Ṣúù ẹ̀yìn ti jìnnà sí dírọ́ọ̀mù. Gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè, fi òkúta tàbí igi dí táyà iwájú, gbé ọkọ̀ lé ìdúró tó lágbára, má fi sílẹ̀ lórí jáàkì nìkan. Sọ hándíbíréèkì kalẹ̀. Lẹ́yìn ibi tí ṣúù wà, wàá rí ihò kékeré tí wọ́n fi róbà dí. Yọ róbà náà, ti sùkúrúdíráfà pẹlẹbẹ bọ ibẹ̀, wàá kan àgbá kékeré eléyín kan. Máa fi eyín kọ̀ọ̀kan yí i, kí o máa fi ọwọ́ yí táyà. Nígbà tí o bá gbọ́ tí ṣúù ń ha dírọ́ọ̀mù, dá a padà díẹ̀ títí táyà yóò fi yí láìsí ìdíwọ́. Ṣe ẹ̀gbẹ́ kejì bákan náà. Bí ó bá ń yí sí apá tí kò yẹ, táyà kò ní há, wàá tètè mọ̀.

Bí o bá parí, pa ẹ́ńjìnnì, pọ́ǹpù pẹ́dà títí yóò fi le, fi ẹsẹ̀ lé e, kí o wá ta ẹ́ńjìnnì. Ó yẹ kí pẹ́dà sọ̀ díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ. Búsítà ló ń wọlé nìyẹn, má fòyà. Nu gbogbo ẹnu nípù pẹ̀lú bébà ìnùdí, jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ di òwúrọ̀, kí o tún nù ún. Bí bébà bá gbẹ, kò jò. Inú ọgbà ni kí o ti kọ́kọ́ wà á, jẹ́jẹ́, kí ọwọ́ rẹ wà lórí hándíbíréèkì.

---

Àdùnní_Bódìjà | Mọ́ńdè, 4:05 ìrọ̀lẹ́

Bébà gbẹ. Mo wà á nínú ọgbà nígbà mẹ́wàá lówùúrọ̀, mo dá a dúró nígbà mẹ́wàá. Pẹ́dà kò dé ìdajì. Mo gbé àwọn ọmọ lọ, mo sì gbé wọn dé. Mo ti fi péńtì funfun kọ O àti Ọ sára kálípà méjèèjì.

Bàbá, ẹ ṣé. Sàìdì, ẹ ṣé. Àbúrò mi ní kí n kí yín, ó ní "Gbé e!" ṣì ń dún létí òun.

---

Gbénró_Àkúrẹ́ | Mọ́ńdè, 8:12 alẹ́

Mo ti ń ka gbogbo rẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Sàìdì, mo bu omi sínú ife lónìí, mo fa ọ́ìlì díẹ̀ láti inú ike bíréèkì ọkọ̀ mi, mo kán an sí i. Òróró pupa léfòó sójú rẹ̀. Mo wá wo róbà abẹ́ ìdérí ike náà. Ó ti wú, kò bọ́ sípò rẹ̀ mọ́.

Ọmọ mi ló ń wa ọkọ̀ yẹn lọ sí yunifásítì FUTA lójoojúmọ́. Mo ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún mi, kí ni kí n rà?

---

Sàìdì_Ládípọ̀ | Mọ́ńdè, 8:30 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé tí ẹ wò ó, tí ẹ sì gba kọ́kọ́rọ́. Ẹ má wà á, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọkọ̀ mìíràn fà á lọ ṣọ́ọ̀bù.

Gbogbo ohun tó ní róbà nínú ni: másítà, kíìtì kálípà tàbí kálípà fúnra rẹ̀, sílíńdà ẹ̀yìn méjèèjì, gbogbo họ́ọ̀sì, àti róbà ìdérí yẹn. Ẹ fọ páìpù irin tó kù nínú dáadáa kí tuntun tó wọlé. Ẹ kọ irú ọkọ̀ àti ọdún rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kí ẹ ya fọ́tò ẹ̀yìn táyà kí n lè mọ̀ bóyá dírọ́ọ̀mù ni tàbí dísìkì. Láàárọ̀ ọ̀la, kí n tó ṣí ìsọ̀, màá ti kọ iye tí yóò ná yín sílẹ̀.